‘Mo Mọ̀ Ọ́n Tẹ́lẹ̀’ Kò Ní Máàkì: Bí A Ṣe Ń Bá Wọn Díje Nínú Jeopardy! Láti Inú Pálọ̀

Tí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa ní Maryland níbí ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, ẹ lè rò pé ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìjà. Jeopardy!, ètò ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ti Amẹ́ríkà, ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ken Jennings tó ń darí ètò náà kò tíì ka ìbéèrè tán tí èèyàn mẹ́ta á ti fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Olùdíje á dáhùn, èmi á sì gbá itan mi: "Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!"

Ó pẹ́ tí mo ti wà nínú ìtànjẹ yẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dá ara mi lójú pé tí wọ́n bá lè gbé mi dé Culver City ní California, níbi tí wọ́n ti ń ya ètò náà, màá kó dọ́là wálé. Àfìgbà tí ọmọ mi obìnrin mú ìwé àti bíírò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n máa ka tiyín." Nígbà tí ètò parí, ó kó ìwé fún mi. Dọ́là 3,400. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó wá di 3,200, torí ó ti gbójú fo àṣìṣe kan fún mi tẹ́lẹ̀.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà la ti ní òfin nínú ilé wa, òfin náà ni mo sì fẹ́ kọ síbí lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tó bá fẹ́ máa bá wọn díje láti ilé tirẹ̀, tí kò kàn fẹ́ máa pariwo bíi tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí eré náà ṣe ń lọ

Merv Griffin ló dá Jeopardy! sílẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1964 ló kọ́kọ́ jáde. Èyí tí à ń wò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú Alex Trebek, tó ń darí rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní oṣù kọkànlá 2020. Jennings tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe àlejò nídìí pátákó náà. Ní 2004, nígbà tí òun náà jẹ́ olùdíje, ìgbà 74 ló borí léraléra, kò sì tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀.

Olùdíje mẹ́ta ló máa ń dúró lójú agbo. Ní abala kìíní, ìsọ̀rí mẹ́fà wà lórí pátákó, ìbéèrè márùn-ún sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 200 lókè dé 1,000 nísàlẹ̀. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìbéèrè ń le sí i. Ní abala kejì, tí wọ́n ń pè ní Double Jeopardy!, owó náà di ìlọ́po méjì, láti 400 dé 2,000. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku ìbéèrè kan ṣoṣo, Final Jeopardy!, tí kálukú máa fi iye tó bá wù ú lára owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Gbogbo ìbéèrè jẹ́ 61. Ẹni tó bá gbà á gba owó, ẹni tó bá ṣì í, wọn á yọ iye kan náà lára tirẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ kò jèrè, kò pàdánù.

Ohun tó máa ń da àlejò láàmú ni pé ìdáhùn ló wà lórí pátákó, ìbéèrè ni olùdíje gbọ́dọ̀ fi fèsì. Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nígbà tí wọ́n wá kí wa. Nílé, àgbà á bi wá pé, "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Ọmọdé á ní, "Àgbàrá òjò." Jeopardy! dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Pátákó ló máa sọ pé, "Ó ń kọjá lójúde ọba, kì í kí ọba." Ẹ̀yin lẹ máa wá sọ pé, "Kí ni àgbàrá òjò?" Ìyá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló wá ń pa àlọ́, ta ló ń já a?" Síbẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, "ìbéèrè" ni màá máa pe ohun tó wà lórí pátákó, nítorí ohun tí ẹnu gbogbo wa ń pè é nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Ìwé àti bíírò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí bíírò náà jẹ́ irú èyí tí à ń tẹ orí rẹ̀ kó tó yọ ẹnu, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ ya ìlà sínú ìwé: òpó mẹ́fà fún ìsọ̀rí mẹ́fà, ìlà márùn-ún fún owó márùn-ún. Méjì irú rẹ̀ lẹ nílò, ọ̀kan fún abala kọ̀ọ̀kan. Ẹ da ojú fóònù délẹ̀. Ẹ jẹun tán kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ kò lè kọ nǹkan kan.

Ìdáhùn wo ló kà?

Ibí ni gbogbo wàhálà wà. Ẹni tó bá jókòó sílé ní àǹfààní tí ẹni tó wà lórí ìdúró kò ní: kò sí iná lójú rẹ̀, kò sí èrò tó ń wò ó, bó bá sì ṣì í sọ, ó lè ṣe bí ẹni pé òun ń wúkọ́ ni. Tí òfin kò bá le, irọ́ ni máàkì yín máa jẹ́. Bí àwa ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kí olùdíje tó la ẹnu. Èyí tó wà lọ́kàn kò kà. Èyí tó wà létè kò kà. "Háà, orúkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó ń bọ̀" kò kà rárá. Tí olùdíje bá ti mí èémí àtisọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ti tì.

Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ló dúró. Ẹni tó bá sọ pé, "Paris, rárá o, Brussels," Paris la kọ sílẹ̀ fún un.

Ẹ fi "Kí ni" tàbí "Ta ni" ṣíwájú rẹ̀. Lórí ètò gan-an, tí olùdíje bá gbàgbé ní abala kìíní, atọ́kùn máa ń rán an létí. Ní abala kejì, kò sí ìránnilétí. Tí kò bá fúnra rẹ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, ó ti ṣì í nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe é nílé. Èmi ni mo ṣòfin náà, èmi náà ló sì máa ń ká mọ́ jù.

Orúkọ ìdílé nìkan tó. "Ta ni Ṣóyínká?" ti pé, kò di dandan kí ẹ sọ Wọlé, àfi tí ìbéèrè bá lè tọ́ka sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ní ti èdè, Yorùbá kà, Gẹ̀ẹ́sì kà. Ìsọ̀rí Bíbélì ló jẹ́ ká fi èyí sínú òfin. Bíbélì máa ń wà lórí pátákó náà dáadáa, kò sì sí ẹni tó lè bá ìyá mi du ibẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni orúkọ inú Bíbélì Mímọ́ ti Yorùbá. Tí wọ́n bá ní "Ta ni Jésébẹ́lì?" àwọn ọmọ á wo ara wọn lójú, olùdíje á ní "Who is Jezebel?" àwọn ọmọ á wá ní kò bára mu. Mo ní ó bára mu. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ìsọ̀rí náà wà lábala kejì, márààrún ni màmá gbà, láti orí 400 dé 2,000. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì ń rín in.

Èèyàn méjì lè gba ìbéèrè kan náà, níwọ̀n ìgbà tí kálukú ní ìwé tirẹ̀. Ìyẹn mú ìjà kúrò, àmọ́ ó mú agbóhùnsọ wọlé: ẹni tó máa dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ wéré. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú ilé yín (ó wà), ẹ ní kí gbogbo ènìyàn máa kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ìdáhùn sórí ìwé dípò kí wọ́n pariwo. Ilé á pa rọ́rọ́. Ẹ ó gbọ́ bí bíírò ṣe ń ré kọjá lórí ìwé.

Bí a ṣe ń ka máàkì

Ìlànà tí àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ díje láti ilé ń lò ni wọ́n ń pè ní Coryat, orúkọ Karl Coryat tó kópa nínú ètò náà ní 1996 ni wọ́n sì fi pè é. Kò le. Tí ẹ bá gbà á, ẹ fi owó orí ìbéèrè náà kún un. Tí ẹ bá ṣì í, ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá dákẹ́, òdo. Ẹ má fi tẹ́tẹ́ kankan kún un. Final kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìsọ̀rí kan. Ẹ gba 200, ẹ gba 400, ẹ dákẹ́ ní 600, ẹ ṣi 800, ẹ gba 1,000. Ìyẹn jẹ́ 200 àti 400 àti 1,000, tó jẹ́ 1,600, ẹ wá yọ 800 kúrò. 800 ló kù. Ẹ wò ó dáadáa: ìbéèrè mẹ́ta lẹ gbà nínú márùn-ún, àṣìṣe kan ṣoṣo sì jẹ ìdajì èrè yín. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ń pa mí, àìlèdákẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ní 3,200 yẹn, tí mo bá dákẹ́ nígbà tí mo kàn ń méfò, ìlọ́po méjì owó náà ni ǹ bá ní.

Nítorí náà, ẹ pín "mo mọ̀ ọ́n" sí méjì: èyí tí ọkàn yín balẹ̀ sí, àti èyí tó kàn jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dákẹ́ lórí ìkejì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá wo bí máàkì yín ṣe máa rí.

Daily Double nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan máa ń fara pamọ́ sí abala kìíní, méjì sí abala kejì. Ẹni tó bá ṣí i nìkan ló máa dáhùn, ó sì gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Nílé, ẹ fi owó tó wà ní àyè rẹ̀ lórí pátákó kún máàkì yín tí ẹ bá gbà á. Tí ẹ bá ṣì í, ẹ má yọ nǹkan kan, torí ẹni tí Daily Double bá já mọ́ lọ́wọ́ kò láǹfààní àtidákẹ́.

Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ láìku ọ̀kan máa ní 54,000: 18,000 láti abala kìíní, 36,000 láti abala kejì. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ kọ máàkì ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Iye yẹn gan-an ni máàkì yín. Alẹ́ kan tí ìsọ̀rí bá bọ́ sójú ọ̀nà yín kò sọ ohunkóhun, alẹ́ kan tó burú náà kò sọ ohunkóhun.

Bí a ṣe ń ka ìbéèrè

Ìbéèrè máa ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n látìbẹ̀rẹ̀, atọ́kùn á sì máa kà á jẹ́jẹ́. Ojú yín yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ má tẹ́tí sí i rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fojú kà á dé òpin, kí ẹ sì ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó kà á dé ìdajì.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí: "this". Níbikíbi tó bá wà, ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń wá wà. Kí n fi ìbéèrè tí mo fúnra mi hun ṣàpẹẹrẹ: "Ní oṣù kejìlá ọdún 1991, orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan kó olú-ìlú rẹ̀ kúrò ní Lagos lọ sí ìlú yìí." Ẹni tó bá ti rí "Lagos" tó sì sáré pariwo "Nàìjíríà!" ti ṣubú. Ìlú yìí ni wọ́n bèèrè. "Kí ni Abuja?" Ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó wà nínú ìbéèrè náà, ìtàn lásán ni. "Ìlú yìí" ni ẹyin inú rẹ̀.

Èkejì, ẹ ka orúkọ ìsọ̀rí dáadáa. Tí lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú àmì àyọlò, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìdáhùn pẹ̀lú. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé olú-ìlú "B", Berlin ni, Bogotá ni, Brasília ni. Kò lè jẹ́ Lima láéláé, bó ti wù kí Lima dà bí i tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gba ìbéèrè tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, lẹ́tà náà nìkan ló fà mí dé ibẹ̀.

Ọwọ́ náà fẹ́ ẹ̀kọ́

Ẹni tó bá ń wò láti ilé rò pé ẹni tó mọ̀ jù ló ń borí. Nínú mẹ́ta tó dúró síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ló ń dá ẹjọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì títí atọ́kùn fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí iná kan sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, iná tí àwa tá a wà nílé kì í rí. Ẹni tó bá ṣáájú iná náà tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti bọ́tìnì rẹ̀ pa fún ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kéré létí, àmọ́ ẹnìkejì rẹ̀ á ti gba ìbéèrè lọ.

Ìdí bíírò olórí-títẹ̀ nìyí. Ẹ dìde dúró bí àwọn náà ṣe ń dúró. Ẹ mú bíírò náà, kí àtàǹpàkò wà lórí rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ohùn Jennings, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní kété tí ìró ìkẹyìn bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Lẹ́yìn títẹ̀ nìkan ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láti dáhùn, torí iye tí wọ́n ń fún àwọn olùdíje nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, máàkì mi já bọ́ bí ìgbà tí mágòrò bá já lórí igi. Orí, etí àti àtàǹpàkò kò gbọ́ra wọn yé. Ìyàwó mi tó ti ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré kò níṣòro kankan. Ẹ má ṣe é ní gbogbo alẹ́. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ tó.

Nígbà tí orin Final bá bẹ̀rẹ̀

Ìsọ̀rí Final máa ń hàn kí wọ́n tó lọ sí ìpolówó ọjà. Àkókò ìpolówó yẹn gan-an lẹ máa fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ló wà láti kọ ìdáhùn, orin á sì máa lọ lábẹ́ rẹ̀.

Kí gbogbo ilé kọ tirẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n da ìwé dé. Ní ti sípẹ́lì, ètò náà fàyè gba àṣìṣe lẹ́tà tí kò bá yí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún padà. Ní 2013, ọmọdé kan kọ "Emanciptation" dípò "Emancipation", wọn kò gbà á, torí ìró kan ti wọ inú rẹ̀ tí kì í ṣe tibẹ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àríyànjiyàn nílé wa tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣì gbà pé wọ́n le jù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìṣirò tẹ́tẹ́. Ká ní ẹni tó wà níwájú ní 14,000, ẹnìkejì ní 9,000, ẹnìkẹta ní 5,000. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: èló ni kí ẹni iwájú ta? Ẹnìkejì lè ta gbogbo tirẹ̀ kó di 18,000. Nítorí náà, ẹni iwájú nílò 18,001, ìyẹn ni pé kó ta 4,001. Tó bá gbà á, kò sẹ́ni tó lè bá a. Tó bá ṣì í ńkọ́? 9,999 ló kù sí i lọ́wọ́. Ẹnìkẹta, tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé, lè sọ 5,000 rẹ̀ di 10,000, kó sì fi dọ́là kan péré borí rẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n ṣe ti ẹnìkejì fúnra wọn. Ọmọ mi ọkùnrin tó kórìíra ìṣirò ilé ìwé kì í jẹ́ kí ìpolówó ọjà parí kó tó ní ìdáhùn.

Tí owó ẹni iwájú bá ti ju ìlọ́po méjì ti ẹnìkejì lọ, ìdíje ti parí, àfi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ẹ lè lọ bu omi mu.

Ẹ má fi Final kún Coryat yín. Ẹ kàn kọ "gbà" tàbí "ṣì" sí etí ìwé, kí ẹ kà á lóṣooṣù.

Ìwé àṣìṣe

Tí ẹ bá fẹ́ máa tẹ̀ síwájú, ìwé kejì ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ti máàkì. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má kọ gbogbo èyí tí ẹ kò mọ̀, ìwé á kún, ẹ ò sì ní ṣí i mọ́. Ẹ kọ èyí tó yẹ kí ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó rí ibi tí ihò wà. Fún àwa tá a kàwé ní Nàìjíríà, mo lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kẹ́mísìrì kò ní dà wá láàmú, ẹni tó bá ti mura sílẹ̀ fún WAEC rí kò lè gbàgbé pé Fe ni irin, Pb ni òjé, Na ni sódíọ̀mù. Bíbélì, Shakespeare àti olú-ìlú orílẹ̀-èdè Áfíríkà, kò sí wàhálà. Eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1970, baseball, àti àwọn ààrẹ wọn ni yóò gbé wa ṣubú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ní òpin. Ìpínlẹ̀ 50 ni, olú-ìlú 50 ni, kò ní pọ̀ sí i lọ́la. Ẹ ṣọ́ra, ìlú ńlá kọ́ ni olú-ìlú lọ́pọ̀ ìgbà: Albany ni ti ìpínlẹ̀ New York, Springfield ni ti Illinois, Sacramento ni ti California, Tallahassee ni ti Florida. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, Annapolis ni, kì í ṣe Baltimore. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ṣebí Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Àkúrẹ́ sì ni ti Oǹdó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ to àwọn ààrẹ láti orí Washington. Ẹ fi ọwọ́ sí ibi tí ìkà náà ti máa ń daru: Grover Cleveland ni ìkejìlélógún àti ìkẹrìnlélógún, Donald Trump ni ìkarùndínláàádọ́ta àti ìkẹtàdínláàádọ́ta.

Fún ohun tí kò bá wù yín láti kà, ẹ lọ sí apá àwọn ọmọdé ní láíbìrì. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. James Holzhauer, tó gba dọ́là 131,127 lálẹ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹrin 2019, sọ pé ìwé àwọn ọmọdé lòun fi kọ́ ohun tí kò wu òun, torí àwòrán àti àlàyé kúkúrú ló kún inú wọn. Mo ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ opera. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ ọ́ fún, ó sì bá mi mu.

Tí ẹ bá ti ń rò ó pé kí ẹ lọ

Ìdánwò kan wà lórí ìkànnì ètò náà, Anytime Test ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè 50 ni, ìṣẹ́jú-àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gba owó. Títẹ̀ ni ẹ máa tẹ ìdáhùn, kò di dandan kí ẹ kọ ọ́ bí ìbéèrè. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ló wà fún. Ẹ ṣe é lálẹ́ tí ara yín balẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí fóònù, torí ìka máa ń ṣi lẹ́tà tẹ̀ tí àkókò bá ń sá. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ má gbé e lọ sórí èyí tó kàn.

Kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣe tèmi, mo ti dé ìbéèrè kọkànlá kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìn àga: "Sọ Jésébẹ́lì fún wọn."